Owó Kóló Kì í Ṣe Owó Ọbẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Bí a ṣe lè kọ́ ọmọ kékeré láti máa tọ́jú owó la fẹ́ sọ. Owó ọdún tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá yín ń fún yín ní kékeré, tí màmá ní, "Mú un wá, kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀," ṣé ẹ ti rí i gbà? Èmi ò tíì rí tèmi gbà. Nígbà tí mo bi màmá mi, wọ́n ní ṣé mi ò mọ ohun tí mo ń jẹ nígbà náà ni.

Ẹ̀rín la fi ń rín báyìí, àmọ́ ọmọ tó tọ́jú owó tí kò rí i mọ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: èyí tí òun bá ti ná nìkan ni tòun. Bó bá tún rí 200 náírà, ojú ẹsẹ̀ ni yóò fi ra bisikíìtì, ẹ ò sì lè dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ gbé ewé 50 náírà mẹ́ta síwájú rẹ̀, ẹ gbé ewé 200 kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹ ní kó mú èyí tó pọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe kó mú mẹ́ta yẹn. Ẹ má bú u. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ alákàrà, kó ka iye àkàrà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rà. Àkàrà á là á yé e jù yín lọ.

Kóló wá ńkọ́? Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, igi ni, kápẹ́ńtà ló kàn án. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún ọmọ kékeré. Owó wọlé, owó pòórá, ọmọ ò rí nǹkan kan. (Àwa tí a sì mọ ohun tí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lè ṣe lójú ihò yìí, ká dákẹ́.) Ike omi tó mọ́ gaara ló dáa, kó máa rí i bó ṣe ń kún.

Ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ rà. Ká ní bọ́ọ̀lù 2,000 náírà ni. Bẹ́ ẹ bá ń fún un ní 100 lójúmọ́, ogún ọjọ́ ni. Ẹ ya ilé ogún sórí páálí bíi káàdì alájọ, kó máa fàmì sí i fúnra rẹ̀. Alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ má mú kọ́bọ̀. Bó bá dé ilé kẹwàá, ẹ fi 100 lé e. Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, torí lójú ọmọ ọdún márùn-ún, oṣù mẹ́ta ò yàtọ̀ sí ọjọ́ tí kò ní í dé.

Lọ́jọ́ tó bá pé, òun ni kó ṣí i, kó kà á, kó sì nà án fún ọlọ́jà. Bí bọ́ọ̀lù bá bẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ bá a kẹ́dùn, kẹ́ ẹ jọ ya páálí mìíràn.

Owó ńlá ò yẹ kóló. Ẹ rántí bí gbogbo wa ṣe ń sá kiri ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fẹ́ gba 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ nílẹ̀. Kóló kì í gbọ́ ìròyìn. Kì í sì í bá ọjà tó ń wọ́n sí i sáré. Ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ọmọ ní báńkì. Ẹ̀yin lẹ ó máa fọwọ́ sí i títí yóò fi pé ọdún 18. Ẹ mú un dání lọ, kó rí ibi tí owó rẹ̀ ń gbé.

Ó wá ku èyí tó le. Oṣù ti ń parí, gáàsì tán, ike ọmọ sì ń wò yín. Ẹ má yọ owó inú ẹ̀ lóru. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kẹ́ ẹ ní, "Jọ̀ọ́, yá mi ní 500, mà á san án ní Friday." Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn páálí rẹ̀. Tó bá di Friday, ẹ san án, kẹ́ ẹ fi nǹkan lé e.

Bó bá sì ní òun ò yá yín, ẹ lọ bẹ aládùúgbò.