Àdúrà Òwúrọ̀ Fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Ná Ìnákúnàá

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A ò jíire bí? Ẹ ka Lúùkù orí 15 láàárọ̀ yìí. Bí ẹ ti ń kà á, ẹ rántí ará Jàpáànì kan tó ń jẹ́ Ohara Magosaburo.

Ọdún 1880 ni wọ́n bí i ní ìlú Kurashiki. Baba rẹ̀, Koshiro, ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, òun sì ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ń ran òwú níbẹ̀. Wọ́n rán ọmọ lọ kàwé ní Tokyo, àmọ́ fàájì ló gbájú mọ́. Ó yáwó èlé títí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló lọ bá a yanjú rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni àna rẹ̀ yìí wà tí ikú fi mú un lọ ní Tokyo.

Ará, owó tó lọ lè padà. Ẹ̀mí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òbí ì bá ti kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́mọ. Koshiro mú tirẹ̀ wálé. Ọmọ burúkú lọ́jọ́ tirẹ̀.

Magosaburo wá pàdé Ishii Juji, Kristẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Okayama. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1905. Ní 1906, tàífọ́ìdì pa àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ibùgbé ilé iṣẹ́ náà. Baba fi ipò sílẹ̀, ọmọ di ọ̀gá ní ẹni ọdún 26. Ó sì fi ilé kéékèèké rọ́pò ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ há sí. Nígbà tí Ishii kú ní 1914, ó gba ẹrù àwọn ọmọ aláìlóbìí náà rù. Ní 1923 ó ṣí ilé ìwòsàn tí ará ìlú náà lè lọ. Nígbà tó yá, Soichiro ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ò gbà pé iṣẹ́ rere yìí ló san gbèsè ẹ̀mí àna rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń san irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dárí jì, ẹ wo ohun tó fi owó ṣe!

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ọmọ wa tó ń fi owó àti ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòfò nílẹ̀ òkèèrè, pe orí rẹ̀ wálé. Má jẹ́ kí ẹ̀mí kankan bọ́ nítorí rẹ̀.

Olúwa, fi ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà pàdé rẹ̀. Fún àwa òbí ní ọkàn tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ.

Ẹni tí o fi òṣìṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láàrin wa, là á lójú sí ibi tí wọ́n ń sùn àti ohun tí wọ́n ń jẹ.

Opó tí ọkọ rẹ̀ kú síbi tó ti ń tún ọ̀ràn ẹlòmíràn ṣe, Olúwa, ìwọ fúnra rẹ tù ú nínú, bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, má jẹ́ kí ẹbí gbàgbé rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.