Bí A Ṣe Ń Ka Àṣìṣe Python Kí A Tó Béèrè Ìrànlọ́wọ́

Ẹ káàbọ̀ o. Ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ ń wò yìí, tí mo fi èdè Python kọ, yẹ kí ó ro owó ọjà inú fáìlì CSV (fáìlì tí a fi kọ́mà pín àwọn iye inú rẹ̀) pọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní kí ó ṣiṣẹ́, ńṣe ni ó kọ ìlà bí mélòó kan jáde, ó sì dúró. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kàn ya fọ́tò rẹ̀, wọn á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn pé, "Kò ṣiṣẹ́." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè tún ohun tí kò rí ṣe.

Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà á, nítorí pé ìlà tó kẹ́yìn ni Python ti máa ń sọ ohun tí ó dá a dúró gan-an. Èyí tí ó kọ síbẹ̀ lónìí ni: TypeError: unsupported operand type(s) for +: 'int' and 'str'. Ó ní òun kò lè ro nọ́ńbà (int) pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ (str). Lókè rẹ̀ ni ẹ ó ti rí orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà tí ọ̀ràn wà. Láti Python 3.11 tí ó jáde ní 2022, ó tún máa ń fa àmì sábẹ́ ibẹ̀ gan-an, àǹfààní ńlá sì ni èyí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ó kàn kí a gé ètò náà kúrú. Ẹ dà á kọ sínú fáìlì tuntun, ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa dán an wò lẹ́yìn ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó yọ ibi tí ó ti ń ka CSV, ẹ fi print, àṣẹ tí ń kọ nǹkan jáde, wo ohun tí ó kà. Ní tèmi, ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju ìlà kan lọ, tí ó lo sum, àṣẹ tí ń ro iye pọ̀: sum(['200', '350']). Ẹ wo àmì àyọlò tí ó yí iye kọ̀ọ̀kan ká: ọ̀rọ̀ ni csv, irinṣẹ́ Python tí ń ka fáìlì CSV, kà wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ sì ni 0, tí í ṣe nọ́ńbà, ni sum ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí a bá fi int sọ iye kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, 550 ni yóò jáde.

Bí ọ̀ràn náà kò bá tíì yé yín lẹ́yìn gígé yìí, ìgbà yẹn ni kí ẹ béèrè. Ẹ fi ètò kúkúrú náà ránṣẹ́, pẹ̀lú odindi àṣìṣe náà tí ẹ dà kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, èsì àṣẹ python3 --version tí ń sọ ẹ̀dà Python tí ẹ ń lò, àti ohun tí ẹ retí pé kí ó jáde, kí ẹni tí ẹ bi lè dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ àwọn oníbàárà àti ọ̀rọ̀ aṣínà yòówù tí ó bá wà nínú rẹ̀.