Lẹ́ǹsì Wo Ni Kí Wọ́n Fi Sójú Màmá?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mú òbí yín wá, ẹ kú ìjókòó. Bí dókítà bá ti ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì, ohun tí àwọn ọmọ máa ń béèrè ni pé, "Èwo ló dára jù nínú àwọn lẹ́ǹsì yìí?" Èyí tó wọ́n jù ló máa ń wà lọ́kàn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí màmá ń fi ojú ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Lẹ́yìn ọmọlójú ni lẹ́ǹsì tí Ọlọ́run dá mọ́ wa wà. Bó bá ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ kò gbà á kọjá mọ́, kataráàtì nìyẹn, kò sì sí oògùn ìkánsójú tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ti àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Dókítà ojú kan, Harold Ridley, ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1949. Ó ti rí i nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pé àfọ́kù ike ọkọ̀ òfuurufú tó wọ ojú àwọn awakọ̀ kò bá ẹyinjú wọn jà. Ike irú yẹn, PMMA, wà nínú ojú ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí. Kò ṣeé ká, nítorí náà ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń tó mílímítà 6. Èyí tó ṣeé ká lè gba ihò mílímítà 2 sí 3 wọlé, ó sì máa ń tètè jinná. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti jinná tán, PMMA tí wọ́n wọn dáadáa ń ríran kedere. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní lẹ́ǹsì tálákà lójú yín.

Wíwọ̀n yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Lẹ́ǹsì ní nọ́ńbà agbára, ojú méjì kì í sì í ṣe dọ́gba. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn gígùn ẹyinjú àti bí iwájú rẹ̀ ṣe tẹ̀. Bí àṣìṣe mílímítà 1 péré bá wọ gígùn yẹn, nọ́ńbà lè fi nǹkan bíi 3 yẹ̀, màmá á sì máa rí bàìbàì lójú tí wọ́n ti ṣe tán. Ẹ béèrè pé: ṣé ẹ ti wọn ojú yìí?

Lẹ́ǹsì tó wọ́pọ̀ jù, ibì kan ló ń wò kedere. Awakọ̀ á fẹ́ òkèèrè. Aránṣọ lè fẹ́ ìtòsí, kó wá máa lo awò bó bá jáde. Ẹni tí kì í rí òkèèrè láti kékeré, tó ń ka Bíbélì tàbí Kùránì láìlo awò, ẹ sọ fún dókítà kó tó fi abẹ kàn án! Bí wọ́n bá fi ti òkèèrè sí i, ìwé tó ń kà lófẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò di ohun tó ń fi awò kà, ó sì máa ń dun irú wọn gan-an.

Ti olówó ńlá, tó ń wo òkèèrè àti ìtòsí pọ̀, ńṣe ló ń pín ìmọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á máa rí òrùka yí iná ọkọ̀ ká lálẹ́. Fún ẹni tó ní gulakómà, àrùn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, tàbí tí àtọ̀gbẹ ti ba ẹ̀yìn ojú rẹ̀ jẹ́, èmi kò ní gbà á nímọ̀ràn. Gulakómà kò sì jìnnà sí wa: nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, òun ló tẹ̀lé kataráàtì nínú ohun tó ń fọ́ ojú àgbàlagbà.

Ìwádìí yẹn náà fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn ojú tí wọ́n ti tọ́jú fún kataráàtì ló jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣègùn kiri fi ti lẹ́ǹsì ṣubú sínú ẹyinjú. Wọn kì í fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, ojú púpọ̀ sì ń fọ́ pátápátá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fa òbí yín lé wọn lọ́wọ́.

Bí ojú bá tún ṣú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, lẹ́ǹsì kọ́ ló bàjẹ́. Àpò tó gbé e dúró ló máa ń ṣú, iná laser sì ń là á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gba káàdì lẹ́ǹsì, tí irú rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn. Dókítà tó máa ṣe ojú kejì yóò béèrè rẹ̀.