Bàbá Tó Fi Báírò Pupa Fagi Lé "Ulé": Bí Àwa Òǹkàwé Ṣe Gba Ìwé Ewì Tuntun

Ohun tí mo sọ níbi ìjókòó wa ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbí, mo sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mi ò tún un ṣe púpọ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wá láti iléèwé. Ẹ rántí pé a pín ìwé ewì kan láàárín ara wa, ọmọ agbègbè wa níbí ló kọ ọ́, a ní kí kálukú kà á fún oṣù kan kó wá sọ bó ṣe rí lára ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ "ó dáa gan-an, Ọlọ́run á tún fi kún un" ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo dúpẹ́, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Àwọn tó bínú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Bàbá tíṣà wa kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì dá ẹ̀dà tiwọn padà fún mi, báírò pupa wà níbi gbogbo bíi pé ìwé ọmọ kíláàsì ni wọ́n ń máàkì. Ibi tó ti pọ̀ jù ni ewì kan tó fi "ulé" bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ "ilé" sórí ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi u bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, tó bá jẹ́ Yorùbá inú ìwé là ń wí, ohun tí wọ́n kọ́ àwa náà nìyẹn. Àmọ́ ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni bàbá yìí, tí wọ́n bá ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ulé ni wọ́n ń pè é, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Yorùbá tí à ń kọ sílẹ̀, láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀ jáde ní 1843, ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ló ti mú èyí tó pọ̀ jù, ó sì ṣe wá lóore torí òun ló jẹ́ ká lè máa ka ìwé ara wa láti Èkó dé Ìlọrin. Àmọ́ u tiwa tó wà níwájú ọ̀rọ̀ ò ríbi jókòó nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gh tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Oǹdó àti Ọ̀wọ̀. Ọmọ tó kọ ìwé yìí mọ ohun tó ń ṣe, kò ṣàṣìkọ.

Ẹnì kejì, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe NCE, ó ní ewì náà sú òun, pé ọ̀rọ̀ kan náà ni akéwì ń tún sọ. Mo gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, mo wò ó, inú mi bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé náà, wọ́n ti yọ gbogbo àmì ohùn kúrò! Ẹ jẹ́ kí n ṣàpẹẹrẹ, èmi ni mo to eléyìí o, kò sí nínú ìwé náà: "Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, orin tí mo kọ, ìyà tí mo kọ̀." Ẹ gbọ́ bí ohùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti òkè, ó bọ́ sí àárín, ó wá balẹ̀ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ wà. Ẹ wá yọ àmì ẹ̀ kúrò, "kọ" mẹ́ta lẹ máa rí, ta ni kò ní sú? Àwọn tó ń bi mí pé kí ló dé tí ìparí ìlà ò dún bákan náà bíi ti ewì òyìnbó, ohùn ni ewì tiwa ń fi ṣeré, ohùn òkè ní ìlà kan, ohùn ìsàlẹ̀ ní ìkejì, tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ohun tó kù ò ju eegun lọ. Mi ò fẹ́ dárúkọ ẹni tó tẹ ìwé náà. Ẹ ṣáà bá mi bẹ àwọn òǹtẹ̀wé, àmì orí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba ò lè kàwé, ọmọ wọn ló kà á fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ "ulé" yẹn, wọ́n ní kó tún un kà, wọ́n tún ní kó tún un kà, wọ́n wá ní akéwì ti fo ibì kan, pé nílé àwọn, èèyàn kì í sọ pé òun ń lọ sílé kó má kí àwọn tó ti kú níbẹ̀. Wọ́n wá fẹnu ara wọn fi ìlà méjì kún un. Mo kọ méjèèjì sínú ẹ̀dà tèmi.

Kò sì yà mí lẹ́nu, torí etí ni púpọ̀ nínú wa fi mọ ewì kó tó dé inú ìwé. Ní bíi 1970 sí 1980, inú rẹ́kọ́ọ̀dù àti rédíò là ń gbọ́ àwọn akéwì bí Ọlánrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, àwọn àgbà á máa dá wọn lóhùn bíi pé wọ́n wà nínú yàrá. Ẹ tún wo àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálá, tí ọ̀kan bá ṣi oríkì ẹran kan pè, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á dá a dúró níbẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, òun náà á sì fèsì, wọn ò ní torí ìyẹn tú ká. Báírò pupa bàbá tíṣà wa, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn lójú tèmi. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn lórí ulé, mo sì sọ ọ́ fún wọn lójú wọn, àmọ́ wọ́n ka ìwé náà ju ẹni tó fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ lọ.

Ẹnì kan bi mí níparí pé ṣé kí akéwì máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ àdúgbò ẹ̀ sísàlẹ̀ pépà. Mo ní rárá, kó fi àmì sí i nìkan, ẹni tí ò bá yé á béèrè. Bàbá tíṣà nawọ́, wọ́n ní àwọn ò gbà.

A ṣì ń fà á títí iná fi lọ.