Harness Nìkan Kò Tó: Okùn, Àga àti Roll Bar fún Ọkọ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Lọ Pápá Ìsáré

Ẹ káàbọ̀ o. Mazda MX-5 ló wà níwájú yín yìí, ọkọ̀ olórùlé aṣọ tí àwọn tó ń fi ìsáré ṣe fàájì máa ń gbé lọ sí pápá bíi Brands Hatch nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A mọ̀ọ́mọ̀ so harness olókùn mẹ́rin, ìyẹn bẹ́líìtì ìsáré tó ń di èjìká méjèèjì àti ìbàdí mú, sínú rẹ̀ lọ́nà tí kò dára: okùn èjìká la dè mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn àga. Báyìí lọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é. Bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá láti iléeṣẹ́ sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ wo okùn èjìká yẹn. Bó ṣe kọjá orí àga báyìí ló dorí kodò, ó tó dígíríì 45. Bí ọkọ̀ bá rọ́ lu ògiri, ara á fẹ́ lọ síwájú, okùn á dá a dúró. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ló ti ń fà á, èjìká ló máa tẹ̀ wálẹ̀, eegun ẹ̀yìn ló sì máa jìyà rẹ̀. Ohun tá a fẹ́ ni kí okùn lọ sẹ́yìn gbọọrọ láti èjìká, tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kó má ṣáà ju dígíríì 20. Irin ìdábùú tó wà lára roll bar, ìyẹn irin tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn àga láti dáàbò bo orí, ló wà ní ìwọ̀n gíga yẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn ra roll bar kó tó ra harness.

Okùn mẹ́rin náà tún níṣòro tiẹ̀. Tí okùn èjìká bá fún, ó ń fa ìdè àárín sókè. Okùn ìbàdí á kúrò lórí eegun, á wọnú ikùn tó rọ̀, awakọ̀ á sì yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀. Okùn tó gba àárín itan ló ń di ìdè náà mọ́lẹ̀, torí náà ẹ ra olókùn mẹ́fà. Olókùn márùn-ún wà, okùn kan ṣoṣo ló gba àárín itan nínú tiẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ò ní bi wá pé kí ló dé tá ò fi yàn án. Àga iléeṣẹ́ kò níhò tí okùn wọ̀nyí lè gbà, ẹ máa pààrọ̀ òun náà.

Ó wá kan roll bar. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, bẹ́líìtì lásán ṣì lè jẹ́ kí ara tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Harness kì í gbà bẹ́ẹ̀: ó mú yín nàró ṣánṣán, tí kò bá sì sí irin tó ga ju orí lọ, orí yín lọkọ̀ máa gbé ara lé. Ẹ jókòó, ẹ dé àṣíborí, ẹ so okùn tán. Kí ẹnìkan gbé igi gígùn, igi ìgbálẹ̀ òyìnbó dáa, lé orí roll bar àti férémù gíláàsì iwájú. Àwọn olùṣètò tó le ní Amẹ́ríkà ń fẹ́ àlàfo íǹṣì 2 láàárín àṣíborí àti igi. Tí igi bá kàn án, ẹ rẹ àga wálẹ̀. Ẹ má torí kẹ́ ẹ lè yege tẹ orí ba.

Páìpù ńkọ́? Ti FIA, àjọ tó ń darí ìsáré ọkọ̀ lágbàáyé, fẹ̀ tó mìlímítà 45, ó nípọn tó 2.5, tàbí 50 pẹ̀lú 2.0, irin tí kò ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ rárá. Páìpù omi kọ́ o, ohunkóhun tí wẹ́dà ì báà sọ. Ilẹ̀ ọkọ̀ fẹ́lẹ́ bí agolo, bóòtì lásán á fà á ya. Ẹ fi awo irin onímìlímítà 3 sábẹ́ ẹsẹ̀ roll bar kọ̀ọ̀kan. Ibi tí orí lè gbá, fóòmù líle tó ní àmì SFI 45.1 (SFI ni àjọ Amẹ́ríkà tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ohun ààbò ìsáré) ni kẹ́ ẹ fi wé e.

Tí èjìká bá ti dúró, orí nìkan ló kù tó ń lọ. Ìpìlẹ̀ agbárí Dale Earnhardt, awakọ̀ ìsáré ọmọ Amẹ́ríkà, fọ́ ní pápá Daytona lóṣù Kejì ọdún 2001, ó sì kú; kò lo HANS, ohun èlò tó ń dáàbò bo orí àti ọrùn, èyí tó ń jókòó sábẹ́ okùn èjìká tó sì so mọ́ àṣíborí.

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wo irin pẹlẹbẹ olójú méjì yìí. Okùn wọ ojú kan, ó jáde lójú kejì, ó yí irin ìdábùú po, ó wá padà gba ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìpadà yẹn lọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Láìsí i, okùn á yọ́ jáde lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ìdí okùn tó kù tó ìbú ọwọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń fún un, ìbàdí ló ṣáájú, nísàlẹ̀ lórí eegun, lẹ́yìn náà ti itan, èjìká gbẹ̀yìn.

Tó bá jẹ́ tókunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo déètì tó wà lára rẹ̀: èyí tó ní àmì SFI 16.1 ò ṣeé lò ju ọdún 2 lọ. Èyí tó bá ti wà nínú ọkọ̀ tó forí sọ nǹkan, okùn rẹ̀ ti nà. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e kẹ́ ẹ tó jù ú nù, kẹ́lòmíì má baà mú un lò.