"Ṣebí Ilé Lo Wà": Bí A Ṣe Lè Máa Ṣiṣẹ́ Láti Ilé Kíṣẹ́ Wa Má Bàjẹ́

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ńbí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé, kíṣẹ́ máa lọ déédéé, káwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì máa fojú gidi wò wá. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an, torí mo ti ṣe é tó dáa rí, mo sì ti ṣe é tí ò dáa rí, ibi tí ò ti dáa yẹn ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ kan fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbọ́dọ̀ délẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè. Mo jókòó tì í o, mi ò fi ṣeré rárá. Nígbà tó di Túsìdeè mo rí i pé nọ́ńbà inú fáìlì méjì tí wọ́n kó fún mi ò bára mu, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá, mo wá a Wẹ́sìdeè, mo wá a Tọ́sìdeè, mi ò kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni torí mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé tí mo bá rí i tán ni màá sọ. Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè ọ̀gá mi pè mí. Wọn ò pariwo, wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn ṣá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi làágùn, lójú tiwọn, ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ṣe nǹkan kan ni, mi ò sì lè bá wọn jà, torí kí ni wọ́n máa fi mọ̀? Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé nígbà tí mo pe ẹni tó kó fáìlì kejì jọ, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: nọ́ńbà oṣù tó kọjá ló wà níbẹ̀. Ó tán.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọ́fíìsì, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ dákẹ́, ojú yín á máa sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á kọjá, á rí i pé ẹ ti fajú ro, á ní "kí ló ṣẹlẹ̀?", ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nílé, kò sẹ́ni tó ń kọjá. Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju ìyẹn náà lọ: tójú ò bá ti rí wa mọ́, ẹnu wa ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ojú, ká máa sọ ibi tíṣẹ́ dé kí wọ́n tó bi wá.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò le. Láàárọ̀ mo máa ń kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́, nírọ̀lẹ́ bákan náà. Ẹ wo irú èyí tó yẹ kí n ti kọ lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn: "Ẹ káàárọ̀ mà. Apá àkọ́kọ́ ti parí, ó wà nínú fódà tá a jọ ń lò. Apá kejì dúró díẹ̀ torí nọ́ńbà fáìlì méjèèjì ò dọ́gba, mo ti kọ̀wé sẹ́ni tó kó wọn jọ. Tí mi ò bá rí èsì di aago méjì, màá pè é." Ó tán. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí ó sọ ohun témi fúnra mi máa ṣe sí i, kì í ṣe pé mo kàn gbé ìṣòro lọ dà sílẹ̀ níwájú ọ̀gá.

Àwọn kan rò pé Kòrónà ló bí ká máa ṣiṣẹ́ nílé. Òun ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé lọ́dún 2020 lóòótọ́, àmọ́ láti ọdún 1973 ni Jack Nilles, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ti fún un lórúkọ, "telecommuting", tó ń sọ pé dípò kí òṣìṣẹ́ máa há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́, ṣé iṣẹ́ ò lè wá bá òṣìṣẹ́ nílé ni? Ó sì ń ṣiṣẹ́. Nicholas Bloom, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣèwádìí níléeṣẹ́ Ctrip tó ń báni ṣètò ìrìn àjò ní Ṣáínà, wọ́n jẹ́ káwọn tó ń gba ìpè oníbàárà ṣiṣẹ́ nílé fún oṣù mẹ́sàn-án, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2015: iṣẹ́ wọn fi ìdá 13 nínú 100 lé sí i. Inú mi dùn sí ìyẹn, àmọ́ èyí tí mo máa ń dúró lé lórí ni pé tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ará ọ́fíìsì, tí agbára wọn bára mu, àwọn tó wà nílé kì í tètè rí ìgbéga gbà. Iṣẹ́ wọn dáa, ojú ò kàn rí wọn ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní àwọn fẹ́ pa dà sọ́fíìsì nígbà tó yá, torí dídá wà yẹn ti sú wọn.

Ó yá, ti àwọn ará ilé ńkọ́? "Ṣebí ilé lo wà." Ta ni wọn ò tíì sọ ọ́ fún rí? Wọn ò sọ ọ́ láti bú wa, wọ́n rí wa lórí àga, wọn ò rí iṣẹ́. Mo ti wá rí i pé kéèyàn kàn ní "mò ń ṣiṣẹ́" ò tó, aago ni kéèyàn dá. "Mọ́mì, ẹ má bínú, aago kan ni màá jáde, màá wá bá yín ṣe é." Aago kan bá lù, kẹ́ ẹ jáde lóòótọ́ o, torí tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní dúró de aago yín mọ́. Fáwọn ọmọ, aṣọ pupa kékeré kan ni mo máa ń so mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tí mo bá wà nínú ìpàdé. Àbúrò wọn tí ò tíì lè kàwé pàápàá mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní yàrá tó dá wà, igun kan tó, kẹ́ ẹ kọjú sí ògiri, kó ṣáà máa jẹ́ ibì kan náà, kó má sì jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì.

Ti ìpàdé orí fídíò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wọlé ṣáájú àkókò, kẹ́ ẹ dán máìkì wò, kí ìmọ́lẹ̀ wà níwájú yín kó má wà lẹ́yìn yín, tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá dáa ẹ pa kámẹ́rà kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ pa á.

Ìbéèrè tí mo gbà gbẹ̀yìn wá látọ̀dọ̀ arábìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀gá àwọn máa ń pe àwọn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìṣòro ńlá nìyẹn, kódà ní Faransé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni òfin ti ní kí iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó 50 bá wọn jíròrò bí wọ́n ṣe máa lè pa fóònù iṣẹ́ tì tíṣẹ́ bá ti tán. Mo ní, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìlà mẹ́ta ìrọ̀lẹ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí nínú ìpè alẹ́ témi náà ń gbà, èyí tó pọ̀ jù ló jẹ́ "ibo la bá a dé?", nígbà tí èsì ẹ̀ sì ti ń wà níwájú wọn láti aago márùn-ún, ìpè yẹn dín kù. Tó bá ṣì ń wọlé, ẹ bá wọn sọ ọ́ lójúmọmọ, kì í ṣe lálẹ́ tínú ń bí yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ pè mí lálẹ́, èwo ló sì lè dúró di àárọ̀?" Arábìnrin náà ní àwọn máa bi ọ̀gá àwọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè.