Iyọ̀ Ló Ń Ṣọ́ Wọn: Bí Òkúta Ṣe Ń Dàgbà ní Hamelin Pool

Àwọn òkúta dúdú tí ẹ ń wò létí omi yìí, tí wọ́n rí bí olú ńláńlá, ohun ẹlẹ́mìí wà lára wọn. Awọ òkè wọn nìkan ló wà láàyè o, kò sì nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Gbogbo ìyókù, ilé tí àwọn tó ti kú fi sílẹ̀ ni. Stromatolite ni orúkọ wọn. Hamelin Pool la wà, ní Shark Bay, ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà.

Omi ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ebè yanrìn kan, tí koríko inú òkun hù bò, dábùú ẹnu ọ̀sà náà, omi òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Oòrùn sì ń fa omi gbẹ ju bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ fíìfíì. Iyọ̀ inú rẹ̀ wá tó ìlọ́po méjì ti òkun: nǹkan bí 70 gíráàmù nínú lítà kan. Ìgbín òkun, tó máa ń jẹ irú nǹkan báyìí bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko, kì í fẹ́ràn irú omi yẹn. Ìdí nìyẹn tí stromatolite fi ṣọ̀wọ́n níbòmíràn: wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán kó tó di òkúta.

Ta ló ń kọ́ ọ? Sayanobakitéríà ni, kòkòrò àìfojúrí tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewé. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ara wọn ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, torí náà bí omi bá gbé yanrìn kíkúnná kọjá, mímú ló máa mú un. Yanrìn yẹn á wá bo ìmọ́lẹ̀ mọ́ wọn. Ni wọ́n á bá rá gba àárín rẹ̀ jáde, wọ́n á tẹ́ ẹní tuntun sókè.

Yanrìn tó lẹ̀ mọ́ra kò tíì di òkúta ṣá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ, wọ́n ń fa kábọ́nì dàióksáìdì kúrò nínú omi tó yí wọn ká, kásíọ́mù kábọ́nétì tó ti yòrò sínú omi náà á wá dì, bí nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù. Nísàlẹ̀, níbi tí ọ́síjìn kò dé, bakitéríà mìíràn ń jẹ ohun yíyọ̀ yẹn, òun náà ń dá símẹ́ńtì tirẹ̀ kún un. Àwọn ti abẹ́ yìí kì í gba ìyìn, bẹ́ẹ̀ ìgbì ì bá ti tú ilé náà ká láìsí wọn.

Níbi tí omi ti máa ń fà sẹ́yìn, ẹní náà dúdú, ó rí kókókókó, ìpele inú òkúta rẹ̀ kò sì tò dáadáa. Lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹní ń dán, ìpele rẹ̀ sì tò bí ojú ìwé. Nǹkan bí 0.3 mìlímítà ló ń ga sí i lọ́dún. Èyí tó ga tó mítà kan, ẹ fojú bù ú ní 3,000 ọdún.

Iyọ̀ yìí kan náà ló gbe ọ̀kọ́lé kejì. Fragum erugatum, ẹran omi oníkarawun méjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ń gbé inú rẹ̀, àwọn tí ì bá pa á jẹ kò pọ̀. Kò mọ ilé kọ́ o. Kíkú ló ń kú. Ìgbì á gbá ìkarawun rẹ̀ jọ sétí omi, títí tí etíkun á fi funfun láìsí yanrìn. Òjò á yọ́ díẹ̀ lára ìkarawun òkè, omi náà á ṣàn wọ ìsàlẹ̀, á gbẹ, á sì so wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n ti fara kanra. Nígbà kan rí, àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi ayùn gé e bí búlọ́ọ̀kù. Òun ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Denham.

Kí ló ń ba ẹní stromatolite jẹ́? Ẹsẹ̀ ènìyàn. Nígbà kan, kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń kó irun àgùntàn lọ sínú ọkọ̀ ojú omi gba orí wọn kọjá. Ipa kẹ̀kẹ́ náà ṣì hàn lẹ́yìn nǹkan bí 100 ọdún. Wọ́n fi pákó ṣe afárá fún àlejò, ìjì Seroja ba ìyẹn jẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni koríko inú òkun: ooru òkun ọdún 2011 pa púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Shark Bay. Bí ebè yẹn bá ṣí, omi òkun á ráyè wọlé, iyọ̀ á wálẹ̀, ìgbín á sì tẹ̀lé e.